Orin Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Tí A Lọ Gbé Wá ní Abíjàn

Kí a tó gbéra

Láti ọjọ́ tí a ti dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́. Ẹni tó gbé rédíò wá fún àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Óṣogbo á gbàgbé rédíò rẹ̀ sórí tábìlì. Mo bá wọ bọ́ọ̀sì, kí a tó dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ẹnìkan á ti yíjú sí mi: "Múftáù, Abíjàn ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń se gààrí bí ìrẹsì?" Ó ti rẹ ẹnu mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá tún bi mí lọ kà á.

Àwa mẹ́rin la lọ, Àwa Mẹ́rin náà sì lorúkọ ẹgbẹ́ olórin wa. Èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ràfíù, télọ̀ tí kì í rán aṣọ tán lọ́jọ́ tó dá, ló ń ta bésì, ìyẹn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ọmọ Ìlobù làwa méjèèjì. Gbádébọ̀, tíṣà ìṣirò, ló ń ta gìtá. Délé kápẹ́ńtà ló ń lu jáàsì. Ọmọ Ìfọ́n làwọn méjèèjì. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, n ò sì jókòó láti dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ṣùgbọ́n oko bàbá mi wà létí ibi tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ gan-an, bàbá mi kì í sì í pe Ìfọ́n ní Ìfọ́n. "Àwọn ará ọ̀hún" ni wọ́n máa ń wí.

Iṣẹ́ ló kó àwa mẹ́rin pàdé l'Óṣogbo. Agùnbánirọ̀ kan tó ti parí tirẹ̀ fi àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ fún Gbádébọ̀, orin àwọn òyìnbó onírun gígùn, irú èyí tí orin kan ṣoṣo máa ń gba odidi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á bú bí ààrá, á dákẹ́, wàá rò pé ó tán, háà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni! A fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a ò gbọ́ orin mìíràn mọ́. Àwa náà wá ṣe tiwa. "Ojú Ọ̀nà Oko" la pè é, ìṣẹ́jú méjìlélógún gbáko. Ọ̀nà méje la pín in sí, kò sì sí méjì nínú wọn tí ẹsẹ̀ èèyàn lè jó bákan náà.

A máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé orin ìjìnlẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi gùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kó gùn ni pé bí èmi bá dá tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú méjì, Gbádébọ̀ gbọ́dọ̀ dá ta gìtá fún ìṣẹ́jú méjì. Bí Délé bá fi jáàsì dárà, Ràfíù á ní bésì òun dà. Ìlobù kò gbọdọ̀ ju Ìfọ́n lọ, Ìfọ́n kò gbọdọ̀ ju Ìlobù lọ. Aago ọwọ́ mi la fi ń wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo máa ń gbé e sórí kíbọ́ọ̀dù, èmi ni mo ń sọ ibi tí ti ẹnìkan parí sí. Mo sì gbà pé kò sí olódodo tó mi nínú ẹgbẹ́ náà.

Lọ́jọ́ tí a ta á ní gbọ̀ngàn, kí a tó dé ọ̀nà kẹta, àwọn ìyálọ́mọ ti ń pọn ọmọ wọn. Nígbà tí a fi máa parí, àga ló jókòó tì wá. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi níta, ó ní, "Múftáù, ó dùn o, ṣùgbọ́n n ò rí ibi tí mo lè gbà wọlé." Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n ò fi kí i.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà dé láti Abíjàn. Màmá Ràbí, ẹ̀gbọ́n ìyá Délé, tí wọ́n ti ń ta abọ́ tánganran níbẹ̀ láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé, ní àwọn mọ ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀, ó sì ti yọ̀ǹda ọjọ́ méjì fún wa ní sìtúdíò rẹ̀. A jókòó, a pinnu: bí a bá padà láìsí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, Àwa Mẹ́rin tú ká nìyẹn, kí oníkálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi tiẹ̀ fi tiwọn kún un. Wọ́n ní, "Ìwọ àti àwọn ará ọ̀hún ti ṣeré yìí pẹ́. Bí o bá dé lọ́wọ́ òfo, wàá ta pátákó eléyín yẹn, wàá sì tẹ̀lé mi lọ sóko." Kíbọ́ọ̀dù mi ni wọ́n ń pè ní pátákó eléyín.

Kútọnu àti Lómè

N ò ní í fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìgbà tí ìlà epo mọ́tò gùn ju ìlà ìrun Iléyá lọ ni, a sì rọ́nà gbéra.

Ní Kútọnu, ẹnu yà mí sí bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Ìyá àgbà kan kọjá níwájú wa, ẹrù wà lórí wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọn kò di nǹkankan mú, ojú wọn tún rí bíi ti ẹni tó ń rò ó pé kí lòun máa sè lálẹ́. Ebi ń pa wá. A lọ sídìí ìyá kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín. Èmi tí n ò gbọ́ Faransé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka, mo ń fẹnu ṣe bí ẹni ń jẹun. Ìyá náà wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ ni?"

Yorùbá gidi! Ará Kétu ni wọ́n. A fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rín pa ara wa, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn. Wọ́n fi ẹja kún tiwa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ó padà sílé bí a bá ti Abíjàn dé, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Ràfíù ní, "Màmá, ta ni ká kí?"

"Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá."

Ní Lómè, wọ́n mọ̀ ọ́n kí. Ẹ máa gbọ́ káàbọ̀, ẹ máa dáhùn, wọ́n á tún béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ọ̀nà. Mo ní nínú ara mi pé àwọn wọ̀nyí ì bá ti ìdílé wa wá. Etí òkun la ti rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Okùn náà gùn, èèyàn tó lé ní ogún ló tò mọ́ ọn, ẹnìkan ń dá orin, àwọn tó kù ń gbè é, bí wọ́n bá ti gbè é ni wọ́n ń fà á. Mo dúró, mo ń ka bí orin náà ṣe ń lọ. Mo ní, "Gbádébọ̀, mẹ́rin mẹ́rin lásán ni. Ó ti rọrùn jù." Kí n tó yíjú, Délé ti bọ́ bàtà, ó ti di okùn mú láàárín wọn, ó ń kọ èdè tí kò gbọ́ ní igbe. Wọ́n fún un ní ẹja mẹ́ta nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo bá a jẹ ẹja náà.

Ìyá tó wà l'Ákúrá

Kẹ̀ńkẹ́ la jẹ l'Ákúrá, àgbàdo kíkan tí wọ́n fi ewé wé, pẹ̀lú ata lílọ̀ tó mú kí omi bọ́ lójú Ràfíù. Ibi tí a dé sí, àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí ni, wọ́n sì sọ fún wa pé ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìlobù. A lọ kí wọn. Wọ́n ti kúrò nílé láti ìgbà tí wọn kò tíì yọ ọmú, wọn kò sì padà rí. Yorùbá ẹnu wọn dàbí ti àwọn ìyá ìyá wa. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi sílẹ̀.

"Igi odán tó wà níwájú agboolé wa ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gé igi náà nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Gbádébọ̀, ọmọ Ìfọ́n, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló dáhùn. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ o, màmá. Abẹ́ rẹ̀ la jókòó sí kí a tó máa bọ̀."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Wọ́n fi ìkíni mẹ́tàlá rán wa, wọ́n dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Gbádébọ̀ pé opùrọ́ ni. Ó ní ó dára, kí n padà wọlé lọ sọ òótọ́. N ò padà. Ọkàn mi kàn rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà ni.

Àjàmé

Abíjàn! Ìrọ̀lẹ́ la dé ibẹ̀. Ilé gíga ló tò sí etí ọ̀sà, òjìji wọn wà nínú omi, Ràfíù sì ní òun ò lọ síbi kankan mọ́. Àdúgbò Àjàmé ni ilé Màmá Ràbí wà, àgbàlá ńlá kan tí abọ́ kún dé òrùlé. A ò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí wọ́n fi ń pariwo, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ kú ọ̀nà jíjìn, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, ṣé kò sí nǹkankan tó ṣe yín lọ́nà?" Wọ́n gbá wa mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò bèèrè ọmọ ìlú wo ni ta ni.

Ọmọ Ìfọ́n ni Màmá. Alhaji, ọkọ wọn, ọmọ Ìlobù ni. Ẹ kà á dáadáa, ẹ má fi ojú fò ó. Ní ilé, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á dá ìpàdé mẹ́ta sílẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Abíjàn, kò sí Ìlobù, kò sí Ìfọ́n, kò sí Èjìgbò: Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ó di tán.

Àṣẹ́kẹ́ ni gààrí tí ẹ ń bi mí léèrè. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún un, wọ́n á wá fi oru omi sè é títí á fi rí wóró-wóró. Wọ́n ń fi ẹja díndín àti àlùbọ́sà tútù jẹ ẹ́. Ọjọ́ kìíní, mo ní ẹ wá mú gààrí yín. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń bèèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Ìwà wọn náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní, "Bátìrì." Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè. Mo tún un wí. Ó ń gbálẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Mo ti fẹ́ bínú nígbà tí Ràbí, ọmọ Màmá tó mú mi lọ, fà mí láṣọ. Ó ní, "Bùrọ̀dá Múftáù, ẹ ò kí i." Háà! Èmi ọmọ Ìlobù, tí mo ń kí, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ láti kékeré, wọ́n ń sọ fún mi ní ilẹ̀ onílẹ̀ pé n ò mọ̀ ọ́n kí! Mo jáde, mo tún wọlé, mo ní, "Bọ̀sú." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi yan bátìrì tó dára.

Omi ṣáájú, ìròyìn lẹ́yìn

Mùsíọ̀ Kuasi, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Kuasi, ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni sìtúdíò náà, èèyàn sísanra tó máa ń ti ìgò ojú rẹ̀ sókè orí. Bí a ti rí i, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé nǹkan wa ló já bọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá wa wá a nílẹ̀. Ràbí tó wá ṣe ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ó fún wa ní omi. Ó dúró kí a mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé ìròyìn wo la mú wá. Ó mọ ohun tí a bá wá o, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba àlejò ní ọ̀dọ̀ tiwọn nìyẹn: o mu omi, o sọ ohun tó gbé ọ wá, wọ́n sì fi ara balẹ̀ gbọ́. Mo sọ ọ́ láti orí rẹ́kọ́ọ̀dù agùnbánirọ̀ dé orí pátákó eléyín. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

A wá ta "Ojú Ọ̀nà Oko" fún un. Ó di ojú, ó ń gbọ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjìlélógún pé, ó bá Ràbí sọ̀rọ̀.

"Mùsíọ̀ ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dára."

"Orin mẹ́fà kẹ̀?" ni mo wí. "Ọ̀kan ni!"

Mùsíọ̀ Kuasi fọwọ́ nu ojú. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀kan ni, kí a fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀, èyí tí ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ọjà Àjàmé á ti máa kọ kó tó délé. Ó ní kò sí kásẹ́ẹ̀tì bí kò bá sí ìyẹn. Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n ta. Mo gbọ́ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ta lẹ fi àyè sílẹ̀ fún?"

Ìjà bẹ́. Gbádébọ̀ ní ká yọ ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe gìtá. Délé ní Ìlobù ti tún dé. Ràfíù ní ta ló pe Ìlobù. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo gbé e sórí kíbọ́ọ̀dù, mo ní kí a gé ìdajì ìṣẹ́jú níhìn-ín, ìdajì ìṣẹ́jú lọ́hùn-ún, kí ó ṣe déédéé fún gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gé e títí ó fi ku mẹ́rin. A ta á. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Ràfíù ló sọ ọ́: "Bí mo bá rán aṣọ báyìí, oníbàárà á fi ọlọ́pàá mú mi."

Mùsíọ̀ Kuasi ní ọ̀la nìkan ló kù, pé ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀ lọ́túnla. Délé ti ń di ọ̀pá jáàsì rẹ̀. Gbádébọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Àjàmé, èmi náà kò bá a sọ.

Ẹran tí mo gé

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Màmá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wa, àwo ńlá kan ṣoṣo fún àwa mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Odidi ẹran kan ló wà lórí rẹ̀. Àwa náà jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i.

Màmá ní, "Múftáù, gé ẹran yẹn kí ẹ jẹun."

Mo gé e sọ́nà mẹ́rin. Mo gé e dáadáa, ẹ lè gbé e sórí ìwọ̀n. Mo sì na ọwọ́ mú ọ̀kan. Páà! Màmá ti gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n ti yí i padà nílé ni? Ẹni tó gé e ló tún ń kọ́kọ́ mú?"

Alhaji láti orí àga wọn ní, "Wọn ò yí i padà o. Kẹ́yìn pátápátá lẹni tó gé e ń mú. Ìlobù gan-an ni wọ́n ti kọ́ mi. Ojú kòkòrò tiẹ̀ ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Délé pẹ̀lú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo aago tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà méje ni "Ojú Ọ̀nà Oko", nínú méjèèje, kíbọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gé e, tí mo sì ń kọ́kọ́ mú, tí mo ń pe ara mi ní olódodo. Gbádébọ̀ mọ̀. Kò sọ ọ́ rí. Ojú tì mí débi pé mo gbé ẹran náà padà, n ò sì lè jẹ àṣẹ́kẹ́ mọ́.

Mo dìde lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ràbí àti àwọn obìnrin ilé ń fọ abọ́ níbẹ̀, wọ́n ń fi imú kọ orin kan. Mo mọ̀ ọ́n! Orin kékeré inú ọ̀nà kẹrin ni, tí Gbádébọ̀ máa ń ta nígbà tí mo bá ń sinmi ìka. N ò ka ìyẹn mọ́ orin. N ò tiẹ̀ fi aago wọ̀n ọ́n rí. "Ibi ìsinmi" ni mo ń pè é. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀ tí a ń dánra wò, ó sì ti wọ̀ wọ́n lára. Màmá gbà á lẹ́nu wọn láti inú ilé ìdáná, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn sí i:

"Ẹ bá mi kí wọn nílé o, ẹ bá mi kí wọn."

Àwọn obìnrin náà gbè é. Mo rántí ìyá tó ta àkàsà, mo rántí ìyá tó di ọwọ́ mi mú l'Ákúrá. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ṣe bí ẹni tó ń bọ́jú.

Mo padà sídìí àwo, mo bọ́ aago, mo fi lé Gbádébọ̀ lọ́wọ́.

"Gbà. Bá mi tọ́jú ẹ̀, n ò fẹ́ rí i lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Orin tí wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún yẹn, ta ló ni ín?"

"Ibi ìsinmi kọ́? Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ."

"Òun la máa ta lọ́la. Òun nìkan."

Ó wò mí bíi pé ara mi ò dá. "Kò sí ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti máa dá sọ̀rọ̀ nínú ìyẹn o."

"Mo mọ̀." Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mí wọ egungun. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìka mi.

Gbádébọ̀ ní, "Ó dáa. Gìtá náà ò ní dá ta nígbà náà, kó lè ṣe déédéé."

Mo pariwo mọ́ ọn: "Gbádébọ̀! Ṣé wàá tún wọ̀n ọ́n ni? Ta gìtá ẹ, jàre!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àwo, ó mú ẹran, ó ti ọ̀kan sí Délé, ó ti ọ̀kan sí Ràfíù. Èyí tó kù ni mo jẹ. Ó dùn gan-an ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ọjọ́ kejì

Kò pẹ́ rárá. Délé lù ú ní mẹ́rin mẹ́rin, irú èyí tí mo pè ní lásán ní Lómè. Ràfíù tẹ̀lé e. Gbádébọ̀ ta orin kékeré náà, ó sì wá fi ẹnu dá a. Màmá Ràbí ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn àti Ràbí pẹ̀lú obìnrin méjì láti àgbàlá wá gbè é. Èmi fi ìka mẹ́ta tẹ kíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń gbé orin náà dúró fún wọn. Mo gbọ́ àwọn yòókù dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó, n ò gbọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí. Aago ni mo máa ń wò.

Nígbà tí a dé ibi ègbè lẹ́ẹ̀kẹta, Mùsíọ̀ Kuasi tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń la ẹnu, ó ń kí àwọn ará ilé wa ní èdè tí kò gbọ́. Ó jáde, ó bọ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí ibi wọlé.

Ní ọjọ́ tí a máa lọ, ó kó àpótí kásẹ́ẹ̀tì fún wa. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin wà lójú kìíní pẹ̀lú márùn-ún mìíràn tí a gé lára "Ojú Ọ̀nà Oko" ní ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn, nígbà tí ọwọ́ wa ti dilẹ̀. Mo yí i sí ojú kejì, mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú méjìlélógún wà níbẹ̀! Ó ti gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ràbí túmọ̀ rẹ̀: "Mùsíọ̀ ní ìyẹn wà fún ẹ̀yin àti àwọn tó bá ní sùúrù." Ọlọ́run á máa bá mi fi ire fún ọkùnrin náà níbikíbi tó bá wà.

Màmá sìn wá dé ìdí mọ́tò. Wọ́n fi ìkíni rán Délé sí ìyá rẹ̀, wọ́n wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bá mi kí bàbá ẹ. Sọ fún wọn pé èmi Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n kú àáró. Àwọn àti bàbá mi ló jọ ń ro oko ara wọn. Bí odò bá kún nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn bàbá ẹ ni mo fi ń kọjá."

Ẹnu yà mí. Ẹ̀yìn bàbá mi kẹ̀?

Ilé

Gbogbo ìkíni tí wọ́n fi rán wa la ti jẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ti ìyá tó wà l'Ákúrá dé agboolé wọn, mo sì ti ri ọ̀pá odán kan mọ́lẹ̀ níwájú ibẹ̀, kó má di pé irọ́ la pa. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ti ìyá tó ta àkàsà, tí wọ́n ní ká kí ẹnikẹ́ni tí a bá bá, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí náà ni: wọ́n kí yín o.

Ti bàbá mi ni mo jẹ́ kẹ́yìn. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀pà tí wọ́n máa gbìn. Mo gbé rédíò sílẹ̀, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Wọn kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀pà.

Nígbà tó tán, wọ́n ní, "Tìrẹ dà níbẹ̀? N ò gbọ́ pátákó eléyín."

"Ohùn kan wà lábẹ́ tó ń lọ gbọọrọ, tí kò kúrò níbẹ̀. Èmi nìyẹn."

"Ìyẹn nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló wá ṣe orin yẹn?"

Mo ní, "Gbádébọ̀ ni. Ará ọ̀hún."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀pà. Mo ní kí n kúkú jẹ́ ìkíni náà kí wọ́n tó lé mi. Mo ní, "Màmá tó gbà wá lálejò ní kí n kí yín. Wọ́n ní Àṣàkẹ́ ní kí ẹ kú àáró, wọ́n ní ẹ̀yìn yín ni àwọn fi ń kọjá odò."

Bàbá mi fi ẹ̀pà sílẹ̀. Wọ́n wo ọ̀nà oko títí.

"Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí. "Àṣàkẹ́ ọmọ Ìfọ́n. Ó máa ń fà mí létí bí omi bá dé mi ní ìbàdí."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò gbọ́ orúkọ ìlú yẹn lẹ́nu wọn rí.

Mo na ọwọ́ láti yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Wọ́n ní rédíò máa jẹ bátìrì, pé kí n mú bíró wá. Mo mú un wá. Wọ́n ti bíró bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìbẹ̀rẹ̀. Mo dá a padà sínú rédíò. Nígbà tí orin náà dé ibi ègbè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, n ò sì bá wọn gbè é. Ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́.